Ẹ Yí Inú Aṣọ Síta Kí Ẹ Tó Rà Á

Bí oníbàárà bá gbé aṣọ tó ya wá pé kí n bá òun tún un rán, inú aṣọ náà ni mo kọ́kọ́ máa ń yí síta. Òde rẹ̀ lè máa dán, ṣùgbọ́n inú ló ń sọ bí wọ́n ṣe rán an. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní fast fashion, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń sáré rán kí a lè sáré rà á, kò ṣòro fún mi láti dá mọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra wọn, òwú rẹ̀ fẹ́lẹ́, etí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú kéré débi pé bó bá ya, kò sí ibi tí mo fẹ́ dì mú. Ẹni tó ni ín á ní, "Kò tíì pé oṣù méjì tí mo rà á o." Mo máa ń gbà á gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń dá rán aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ ń gún abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń darí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, torí aṣọ rọ̀, ó ń yọ̀, ó ń ká jọ. Kọ́là kan ṣoṣo, mo mọ iye ìgbà tí mo ń tún un yí kí ẹnu rẹ̀ tó jókòó. Nítorí náà, bí mo bá rí ṣẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo máa ń bi ara mi pé: lẹ́yìn owó aṣọ, owó òwú, owó ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti èrè ilé iṣẹ́, èló ló kù fún ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ?

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó ní Savar, lẹ́bàá ìlú Dhaka ní Bangladesh. Ènìyàn 1,134 ló kú, àwọn aránṣọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ògiri ilé náà ti là ní ọjọ́ tó ṣáájú. Báńkì tó wà nínú ilé náà ní kí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ má wá. Àwọn aránṣọ ni wọ́n pàṣẹ fún pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, torí aṣọ gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Iṣẹ́ kan náà lèmi àtàwọn ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lọ́kàn mi.

Kì í ṣe ẹ̀mí ènìyàn nìkan ló ń bá aṣọ lọ, omi náà ń bá a lọ. Kí T-shirt olówùú kan tó di aṣọ, ó ń gba nǹkan bíi 2,700 lítà omi. Òkun Aral, láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, wà lára adágún mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé kí ìjọba Soviet tó darí odò Amu Darya àti Syr Darya sínú oko òwú láti nǹkan bí ọdún 1960. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti gbẹ. Ọkọ̀ apẹja jókòó sórí iyanrìn. (Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ kí fast fashion tó dé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí òwú ṣe ń mu omi tó.) Pólíẹ́sítà ńkọ́? Epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, ìgbàkígbà tí ẹ bá sì fọ̀ ọ́, fọ́nrán tíntìntín ń bọ́ lára rẹ̀ wọ inú odò. Bí wọ́n bá wá hun ún pọ̀ mọ́ òwú, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ nira púpọ̀. Ó wà lára ìdí tí àlòkù aṣọ tí wọ́n ń sọ di aṣọ tuntun kò fi tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má sì rò pé fífi í tọrẹ ti parí ọ̀rọ̀. Òkìtì aṣọ àlòkù láti òkèèrè ń dé ọjà Kantamanto ní Accra, ní Ghana. Obroni wawu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn aṣọ òkú òyìnbó. Láìtú ìdì ni oníṣòwò ń rà á. Bó bá tú u tó bá aṣọ tó ti já lójú ìrán, àdánù di tirẹ̀. Èyí tí kò tà ń lọ sórí ààtàn, sínú gọ́tà, títí dé etí òkun.

N kò bá ẹni tí agbára rẹ̀ mọ lórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú jà. Bó bá rà á tó sì wọ̀ ọ́ gbó, kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ń ra mẹ́wàá tí kò ní wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ni mo ń bẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú ìrán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ dá a padà. Ẹ wo ìṣẹ́tí rẹ̀ bóyá aṣọ kù níbẹ̀ tí a lè tú bí ọmọ bá ga sí i. Ní ti èyí tó wà nílé, bí bọ́tìnì bá ti ń mì, ẹ má dúró kó já. Abẹ́rẹ́ kan àti òwú ti tó. Ẹ lọ́ òwú náà mọ́ ìdí bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ta kókó.