Odó kan, ọmọ odó méjì: bí ènìyàn méjì ṣe ń tẹ sònátà lórí píánò kan

Ẹni tó bá ti rí obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan ti mọ ibi tí sònátà ọlọ́wọ́ mẹ́rin (orin tí ènìyàn méjì jọ ń tẹ lórí píánò kan) tí Mozart, olórin ilẹ̀ Austria, kọ ti le. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Ọmọ odó kan gbọ́dọ̀ ti gòkè kí èkejì tó sọ̀ kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igi á pàdé igi.

Ẹni ọ̀tún ló ni ohùn òkè, ẹni òsì ló ni ti ìsàlẹ̀. Ìyẹn ò ṣòro. Àárín ni wàhálà wà. Píánò ayé Mozart kì í sábà ju eyín (ibi tí ìka ń tẹ̀) 61 lọ, ìka ogún ló sì ń du ú. Ọwọ́ òsì ẹni ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún ẹni òsì á máa gbún ara wọn, nígbà mìíràn eyín kan náà gan-an ni wọ́n ń wá. Bí ẹnì kan bá ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnì kejì ò rí nǹkan tẹ̀, torí òòlù kékeré inú píánò ò lè lu okùn náà lẹ́ẹ̀kejì àfi tí eyín bá gbéra. Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ á wá yọwọ́ ṣáájú àsìkò tí ìwé orin kọ, kí ti ẹnì kejì lè dún. Ẹni tó ń ṣí ìwé fún wọn ńkọ́? Ọmọ tó ń sọ iṣu sódó ni, kó má fọwọ́ falẹ̀!

Lórí píánò òde òní, ẹni òsì ló sábà ń tẹ pẹ́dà, irin ìsàlẹ̀ tó ń jẹ́ kí ohùn máa dún lọ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni, àmọ́ orin ẹni ọ̀tún ni etí rẹ̀ ń ṣọ́.

Àwọn kan á tún máa ka K. 448 (K. ni àmì nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to àwọn orin Mozart) ti ọdún 1781 mọ́ àwọn sònátà ọlọ́wọ́ mẹ́rin yìí. Ó ti o! Píánò méjì ni ìyẹn, kálukú ló gbé odó tirẹ̀ wá.

Nínú K. 381 ti ọdún 1772, iṣẹ́ agbérin ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni òsì. Nígbà tó fi máa di K. 497 lọ́dún 1786, òun náà ti ń dá sọ́rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n Mozart ti hàn. Nígbà tó fi K. 521 ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gottfried von Jacquin ní oṣù karùn-ún ọdún 1787, pé kó fún àbúrò Gottfried obìnrin, ó ní kí ọmọ náà tètè mú un ṣe, torí ó le díẹ̀.