Kí ni wọ́n ń pè ní rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé gan-an?

Lọ́dún 2023 ni orúkọ Guinness kúrò lára ìgò ọtí, tó bọ́ sẹ́nu tọmọdé tàgbà ní Ìkòròdú. Ẹni tó fẹ́ lu ìlù láti àárọ̀ Jímọ̀ di alẹ́ Àìkú ní Guinness lòun ń wá. Ẹni tó fẹ́ dirun, ẹni tó fẹ́ fọṣọ, ẹni tó fẹ́ kọrin láìdákẹ́, Guinness náà ni. Wọ́n á ta tapólì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ síta, àwọn ọ̀rẹ́ á máa ya fídíò. Bó bá ti rẹ onítọ̀hún, wọ́n á gbé e sọ́rùn, wọ́n á ní ó ti gba rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ọwọ́ ta ló ti gbà á, ta ló sì bá a ṣírò rẹ̀, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ni ohun tó ga jù, tó yá jù, tó pẹ́ jù tàbí tó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ní gbogbo ayé, tí ẹni tó láṣẹ lórí rẹ̀ ti yẹ̀ wò, tó sì ti fọwọ́ sí. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn yẹn la máa ń rántí. Ìdajì kejì ló ń dájà sílẹ̀.

Ta ló wá láṣẹ? Kò sí àjọ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. World Athletics ló ń fọwọ́ sí ti eré sísá, fífò àti jíju nǹkan. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé, WMO, ló ń bójú tó ti ooru, òtútù àti òjò. Guinness World Records ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ń kó ohun tí kò ní olórí mọ́ra: irun, oúnjẹ, ijó, ìwé kíkà. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba kankan. Àwọn tó ń pọn ọtí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 1951, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọtí náà, Sir Hugh Beaver, lọ ṣọdẹ ẹyẹ ní Ireland, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹyẹ wo ló yára jù nínú èyí tí wọ́n ń dọdẹ ní Yúróòpù. Kò sí ìwé tó lè parí rẹ̀. Ó ro ti àwọn tó ń jiyàn bẹ́ẹ̀ nílé ọtí lálaalẹ́, ó sì ní kí wọ́n ṣe ìwé tí yóò máa parí ìjà. Ọdún 1955 ni ìwé náà jáde. Ilé iṣẹ́ ọtí ti yọwọ́ kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Kí Guinness tó gba ohun kan wọlé, ó gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀n, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè gbà á, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa wọ̀n lára rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ ní òfin kan náà fún ẹni tó ń ṣe é ní Ìkòròdú àti ẹni tó ń ṣe é ní Japan. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sí rẹ́kọ́ọ̀dù fún alásè tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn jù, àmọ́ tó lè sí fún ẹni tó pẹ́ jù nídìí ààrò. Ẹni tó bá ti ra gàárì ní ọjà Sábó mọ bí ọ̀rọ̀ òfin kan náà yẹn ti ṣe pàtàkì tó: kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, bó kún dé ẹnu, kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ́ńgò tó pé.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó gbóná jù, ìyẹn rẹ́kọ́ọ̀dù pípẹ́ lẹ́nu nǹkan. Òfin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró kò ju ìlà kan lọ: wákàtí kan tí èèyàn bá fi ṣiṣẹ́ láìdúró, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi ló gbà lórí rẹ̀. Bí kò bá lò ó, ó lè fi pamọ́ kó máa pọ̀. Nínú ìṣẹ́jú yẹn ni yóò ti lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti sùn, ibẹ̀ ni dókítà yóò ti wò ó. Ẹ ṣírò rẹ̀. Lóòjọ́, wákàtí 24, ìṣẹ́jú 120 péré ni, wákàtí 2. Ẹni tó bá ń lépa ọjọ́ mẹ́rin, bí oorun wákàtí 8 ló lè ní lápapọ̀, bó bá fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ sùn tí kò sì tọ̀ rárá.

Òfin yìí ló mú Hilda Baci, alásè. Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ló dáná ní Èkó, nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 15, aago tí gbogbo wa ń wò ti kọjá wákàtí 100. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni Guinness tó sọ̀rọ̀, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n sì kọ sílẹ̀. Ariwo ta. Àwọn kan ní ojúsàájú ni, nítorí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Rárá o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló ti fi àṣìṣe sinmi ju ìṣẹ́jú tó ní lọ́wọ́ lọ, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ bíi wákàtí 7 kúrò. Lata Tondon ará Íńdíà ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà tẹ́lẹ̀, wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45. Ká ní ọmọbìnrin wa sọ pé òun ti kọjá 87, kó sì dúró ní 90 kó lọ sùn, tí wọ́n bá yọ wákàtí 7 yẹn, òfo ni. Iye tó fi lé e ló gbà á sílẹ̀. Kò tó ọdún kan tí Alan Fisher, ọmọ Ireland tó ń ṣòwò oúnjẹ ní Japan, fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57. Ẹ má fi ìyẹn bínú. Ohun tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni kò lè wọ ìwé yẹn.

Ìkòròdú náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 5 yìí. Ìsàlẹ̀ Odò ni Túndé Onakoya gbé dàgbà, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta chess. Òun ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, tó ń fi chess fa àwọn ọmọ àdúgbò tí kò rí jájẹ lọ sí ilé ìwé. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, ó jókòó ta chess ní Times Square ní New York pẹ̀lú ọmọ Amẹ́ríkà kan, Shawn Martinez, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ Norway méjì, wákàtí 56, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37. Wákàtí 58 ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn, àmọ́ 60 ló tó dìde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí níbẹ̀ ni Martinez. Àwọn méjèèjì ni òfin dè. Kò sí pé ẹnìkan jókòó tí àwọn alátakò ń pààrọ̀ ara wọn níwájú rẹ̀, ẹni méjì tó bá bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò parí rẹ̀, bí oorun bá sì gbé ọ̀kan, ó ti bà jẹ́ fún ìkejì. Ọdún 2024 yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Norway méjì mìíràn ta á dé wákàtí 61 àti ìṣẹ́jú 3. Ìyẹn ló gbé Onakoya àti Martinez padà sí Times Square lóṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sì ta á dé wákàtí 64.

Oorun náà ní ibi tí wọ́n dé tí wọ́n fi dúró. Wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó lè ṣe àìsùn jù rí, títí ó fi dé ọjọ́ 18 àti wákàtí mélòó kan, lọ́wọ́ Robert McDonald lọ́dún 1986. Láti ọdún 1997, Guinness kò gba irú rẹ̀ mọ́, nítorí pé ó léwu. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun fẹ́ gba ti àìsùn, ẹ ní kó lọ sùn.

Ti eré sísá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ pàápàá ń jẹ́ ẹlẹ́rìí. Tobi Amusan ló fi hàn wá dáadáa jù. Lọ́jọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló lò. Kendra Harrison ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà tẹ́lẹ̀, 12.20, látọdún 2016. Nígbà tó yá lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó sá àṣekágbá, ó lo 12.06, ó sì gba góòlù. Síbẹ̀, 12.12 ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Báwo ni eré kejì ṣe yá ju ti àkọ́kọ́ lọ tí wọ́n ò kà á?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú eré, irinṣẹ́ kan wà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tẹ̀ lé sárésáré lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹni tó bá borí ti borí, ipò rẹ̀ kò yí, góòlù rẹ̀ kò sì sọnù, àmọ́ aago tó sá kò lè di rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà 12.12, 0.9 ni afẹ́fẹ́. Nígbà 12.06, ó ti di 2.5. Ẹnu irinṣẹ́ kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, ó sì lè fa ìjà fún ọdún gbọọrọ: 10.49 tí Florence Griffith-Joyner sá ní 100 mítà lọ́dún 1988, òdo ni irinṣẹ́ kọ fún afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an lára àwọn tó ń fò ní pápá kan náà. Àwọn onímọ̀ kò gbà á gbọ́. Ó ṣì wà nínú ìwé. Lójú tèmi, kò yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ èmi kọ́ ni World Athletics.

Eliud Kipchoge náà sá máráthọ́ọ̀nù ní Vienna lọ́dún 2019, wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, wọn ò kà á. Àwọn tó ń bá a sáré níwájú ń gba ara wọn lẹ́nu iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ń gbé omi wá bá a, òun nìkan ni wọ́n sì ṣètò ọjọ́ náà fún.

Wọ́n sì máa ń pa rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ́. Àádọ́rùn-ún ọdún ni ìwé ẹ̀kọ́ fi ń sọ pé ibi tó gbóná jù láyé ni al-Aziziyah ní Líbíà, tí ooru ti dé 58 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́jọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ WMO padà lọ tú ìwé àtijọ́ náà wò. Wọ́n rí i pé ẹni tuntun ló ń ka irinṣẹ́ lóṣù yẹn, pé irinṣẹ́ náà jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè ṣì kà ní ìrọ̀rùn, bóyá ó ka orí atọ́ka dípò ìdí rẹ̀, ìyẹn nìkan sì lè fi bíi 7 lé ooru. Wọ́n fagi lé e. Ó padà sọ́wọ́ Death Valley ní Amẹ́ríkà, 56.7, látọdún 1913.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa ilé iṣẹ́ tó ń lọ ìrẹsì ní Ìmọ̀ta, lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n ṣí lóṣù kìíní ọdún 2023. Tọ́ọ̀nù 32 ni wọ́n ní ó lè lọ̀ láàárín wákàtí kan, wọ́n sì máa ń fi kún un pé ó wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé. Ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 32 ṣeé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n “ó tóbi jù” nínú kí ni? Ilẹ̀ tó gbà? Ìrẹsì tó ń jáde lọ́dún? Agbára ẹ̀rọ? Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, olúwa ọ̀tọ̀ ló sì lè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkè Everest tó ga jù láti ojú òkun, mítà 8,848.86, àmọ́ bí a bá wọn Mauna Kea ní Hawaii láti ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ó ju mítà 10,000 lọ.

Bí ẹnìkan ní Ìkòròdú bá wá fẹ́ ṣe é ní tòótọ́, kó kọ̀wé sí Guinness lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ta tapólì. Bíi ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ń dáhùn. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fi òfin ohun tó fẹ́ ṣe ránṣẹ́. Fún ohun tó bá ń pẹ́, wọ́n á fẹ́ àwọn ẹlẹ́rìí méjì méjì tí wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó ju wákàtí 4 lọ kí àwọn mìíràn tó gbà á, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìsinmi sí, àti fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí ẹnikẹ́ni kò gé. Kó má retí owó o, Guinness kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá gbà á, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń fúnni. Ẹ̀rí tí Helen Williams, aránnirun ará Èkó, kó jọ lẹ́yìn tó parí wíìgì gígùn mítà 351.28 lóṣù keje ọdún 2023 ló jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: gbogbo mítà yẹn ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n wọ̀n.