Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Wádìí Ohun Tí À Ń Pè Ní Iṣẹ́ Ọkùnrin àti Iṣẹ́ Obìnrin

Ní Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, obìnrin ló ni iṣẹ́ aró. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, àti bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìkòkò ti tó pa aṣọ láró. Ìyá Mapó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, làwọn aláró sì ń ké pè. Ní Kano, nídìí kòtò aró Kofar Mata, ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà, bàbá ló ń fi í lé ọmọkùnrin lọ́wọ́. Ẹ bi tọ̀tún tòsì léèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní bẹ́ẹ̀ làwọn bá a. Ibi tí ìdáhùn méjèèjì ti forí gbárí yìí làwọn onímọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: nínú ìpín iṣẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, èwo ló kárí ayé, èwo ló jẹ́ àṣà ibì kan, kí ló sì fà á?

Kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Ní 1973, George Peter Murdock àti Caterina Provost kó àkọsílẹ̀ nípa àwùjọ 185 jọ, wọ́n sì yẹ iṣẹ́ 50 wò nínú wọn. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àmì sí i bóyá ọkùnrin nìkan ló ń ṣe é, ọkùnrin ló ń ṣe é jù, àwọn méjèèjì ń ṣe é dọ́gba, obìnrin ló ń ṣe é jù, tàbí obìnrin nìkan. Yíyọ́ irin látinú òkúta jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin níbi gbogbo tí àkọsílẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ 50 náà, wọn ò rí ẹyọ kan tó jẹ́ ti obìnrin nìkan níbi gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ obìnrin ni oúnjẹ sísè wà jù. Aṣọ híhun ní tirẹ̀ kò dúró sójú kan rárá, ti ọkùnrin ni níbì kan, ti obìnrin ni níbòmíì.

Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí lálèébù tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn wá látọwọ́ àlejò, ajíhìnrere àti aṣojú ìjọba amúnisìn, tí wọ́n sábà máa ń jókòó ti àwọn baálé ilé láti gbọ́ bí ìlú ṣe ń lọ. Ohun tí obìnrin ń ṣe níbi tójú àwọn ọkùnrin ò tó kò wọ ìwé. Àmì kan ṣoṣo kò sì lè gbé gbogbo ọ̀rọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, tọkùnrin tobìnrin ló ń hunṣọ, ṣùgbọ́n òfì wọn yàtọ̀: ọkùnrin ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òfì tó nà gbọọrọ nílẹ̀, obìnrin ń hun kíjìpá fífẹ̀ lórí òfì tó dúró lóòró. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé “àwọn méjèèjì ló ń ṣe é”, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ ti sọnù.

Lẹ́yìn kíkà ló kan wíwá ìdí, ibẹ̀ niṣẹ́ ti le jù. Ní 1970, Ester Boserup, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Denmark, sọ pé irinṣẹ́ oko ló dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ́ roko, obìnrin lè gbé ọkọ́ kí ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń lo ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà, agbára apá ló ń dì í mú, kò sì ṣeé fi ọmọ wẹ́wẹ́ sí nítòsí. Ọkùnrin gba oko, obìnrin di ará inú ilé, nígbà tó sì yá, wọ́n ní ilé ló yẹ ẹ́.

Àlàyé yìí dùn-ún gbọ́, àmọ́ báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Ó lè jẹ́ àwọn tó ti ń fi obìnrin sílé tẹ́lẹ̀ ló yan ohun ìtúlẹ̀. Ní 2013, Alberto Alesina, Paola Giuliano àti Nathan Nunn, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n lo àkójọ Murdock mìíràn tó ní ẹ̀yà tó lé ní 1,200 láti mọ àwọn tí baba ńlá wọn lo ohun ìtúlẹ̀, wọ́n wá wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tó gba àlìkámà àti ọkà báálì ń fẹ́ kí wọ́n tú ilẹ̀ rẹpẹtẹ láàárín àkókò díẹ̀, nítorí náà ohun ìtúlẹ̀ á pé wọn. Ilẹ̀ tó gba ọkà bàbà, jéró tàbí iṣu kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ò sì mọ èrò ẹnikẹ́ni nípa obìnrin. Síbẹ̀, àwọn tí ilẹ̀ baba ńlá wọn bá ohun ìtúlẹ̀ mu ni obìnrin wọn kì í sábà ṣiṣẹ́ níta tó bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọn ló sì ń gbà jù pé bí iṣẹ́ bá ṣọ̀wọ́n, ọkùnrin ló tọ́ sí. Wọ́n tún wo ọmọ àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n dàgbà sí, ọjà iṣẹ́ kan náà ni wọ́n bá, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà ṣì hàn lára wọn. Ohun tí ìyá àti bàbá gbìn sọ́mọ nínú ń pẹ́ ju irinṣẹ́ lọ.

Yorùbá ò bá àlàyé Boserup mu délẹ̀. Ọkọ́ la fi ń roko, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ oko. Obìnrin ń ṣe àjàpá, ó ń fọ́ epo, ó ń yan gàrí, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù láàárín ẹ̀yà tó lé ní 1,200 kì í ṣe òfin fún ẹ̀yà kan.

Báwo wá ni iṣẹ́ ṣe ń di ìwà lójú àwọn èèyàn? Alice Eagly, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, sọ ọ́ ní 1987 pé ohun tí a ń rí ẹnì kan tó ń ṣe lójoojúmọ́ la fi ń pinnu irú ẹni tó jẹ́. Ní 1990, Curt Hoffman àti Nancy Hurst dán an wò. Wọ́n sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n hùmọ̀, Orinthian àti Ackmian, lórí ayé mìíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, èyí tó pọ̀ jù nínú ìkejì ń tọ́mọ. Nínú àpèjúwe tí wọ́n fún wọn, ìwà ẹgbẹ́ méjèèjì ò yàtọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà gbà pé àwọn tó ń tọ́mọ ló nínúure jù. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tiwọn tún le ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí yìí ló yẹ kí gbogbo òbí mọ̀.

Láti wọn irú èrò bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, John Williams àti Deborah Best fi ọ̀rọ̀ 300 tó ń júwe ìwà síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní orílẹ̀-èdè 25, Nàìjíríà wà lára wọn. Wọn ò béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà gbọ́, ohun tí àwùjọ rẹ̀ ń sọ ni wọ́n béèrè. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1982: ibi gbogbo ni “alágbára” ti jẹ́ ti ọkùnrin. Ìtumọ̀ ni ewu irú ìwádìí báyìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè di “akíkanjú” lọ́wọ́ ògbufọ̀ kan, kó di “oníjàgídíjàgan” lọ́wọ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi wéra.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, gbé ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù dìde ní 1997: ta ló sọ pé akọ àti abo ni gbogbo àwùjọ fi ń to èèyàn sípò? Ó ní láàárín àwọn Ọ̀yọ́, ẹni tó ṣáájú ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ní, ìyàwó sì ń pe àwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní “ọkọ mi”. Bíbí Bákàrè-Yusuf ta kò ó pé bí èdè ò bá tilẹ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, agbára ṣì lè ya wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ní ohun tó ṣeé dì mú. Obìnrin kan náà tó ń kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó nílé ọkọ máa ń pàṣẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé nílé bàbá rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wádìí ipò obìnrin ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ béèrè ilé tó wà, ìgbà tó wọlé, àti ẹni tó bá níbẹ̀, kó tó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.