Àgò Tí Ń Fò

Ẹ wo eṣinṣin tó há sínú yàrá. Á forí sọ gíláàsì fèrèsé, á yí padà, á tún lọ forí sọ ọ́. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un, á ti gbá gíláàsì yẹn tó ogún ìgbà, síbẹ̀ ńṣe ni yóò fò jáde bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Drone tí wọ́n fi ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó kò lè gba irú ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa kan ẹ̀ka igi, ó di ilẹ̀, owó olówó wọgbó.

Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni iléeṣẹ́ Flyability tó ń ṣe drone ní ìlú Lausanne, ní Switzerland, ti ṣẹ̀ wá.

Àmọ́ Jàpáànì ni wàhálà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì, omi òkun ya wọ̀lú, inú ríákítọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ibi tí epo núkílíà ti ń mú ooru jáde, sì yọ́ ní iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà Fukushima Daiichi. Ìtànṣán olóró tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn lè wọlé. Wọ́n rán PackBot wọlé láti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kékeré tí ń rìn bíi katapílà. Àwọn ará Jàpáànì náà rán Quince tiwọn wọ ilé ríákítọ̀ Kejì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, wáyà tó ń fà lẹ́yìn há, Quince kò sì jáde mọ́. Ohun tó ń fàyà fà nílẹ̀ níbi tí pàǹtírí àti àtẹ̀gùn pọ̀ sí, kò sí bí kò ṣe ní há. Ohun tó ń fò ni ì bá dára, ṣùgbọ́n èyí tó ń fò ń bẹ̀rù ògiri. GPS, tí drone fi ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, kò sì ṣeé gbára lé lẹ́yìn kọnkéré tó nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ méjì kan, Adrien Briod àti Patrick Thévoz, wà ní yunifásítì EPFL ní Lausanne nígbà yẹn. Ìjàm̀bá Fukushima yìí ló mú wọn ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Dario Floreano ni Briod ti ń ṣe ìwádìí dókítà rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ìṣesí kòkòrò níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan rí tí wọ́n pè ní AirBurr. Ìyẹn lè gbá ògiri, á ṣubú, á wá fi ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó ní gbé ara rẹ̀ nàró, á tún fò. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú omi tàbí inú iná ló ṣubú sí ńkọ́?

Ìdáhùn Briod ni pé kí ó má tiẹ̀ ṣubú rárá. Ó fi ọ̀pá karbọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hun àgò kan tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, irú èyí tí à bá dé mọ́ adìyẹ, ó sì gbé ẹ̀rọ sáàárín rẹ̀. Òrùka ló fi so àgò mọ́ ẹ̀rọ, kí àgò lè máa yí bó ṣe wù ú láìyí ohun tó wà nínú. Ẹni tó gbé ìkòkò omi lérí ni kí ẹ rò: ara rẹ̀ lè máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, omi kì í dànù. Bí àgò bá kan ògiri, yóò yí gbirigbiri lára ògiri, abẹ̀bẹ̀ inú kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gimball ni wọ́n pè é. Gíráàmù 370 ni ó wúwo, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34.

Wọ́n gbé e lọ sínú igbó. Kò sí kámẹ́rà tó ń wá ọ̀nà fún un. Kọ́ńpáàsì kan ló ní, àti ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ mọ bí òun ṣe ga sílẹ̀ tó. Wọ́n ní kó máa lọ sápá ibì kan, ó sì ń lọ, ó ń gbá igi, ó ń gbọn ara nù, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, láìsí ẹni tó ń tọ́ ọ. Èyí gan-an ló wù mí jù nínú ìtàn yìí: gbogbo ayé ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe ríran sí i, àwọn wọ̀nyí ní kó máa forí gbá a.

Ọdún 2014 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2015, wọ́n gba mílíọ̀nù kan dọ́là ní Dubai nínú ìdíje Drones for Good, nítorí bí ẹ̀rọ wọn ṣe lè wá ènìyàn nínú ilé tó wó. Elios, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà, jáde lọ́dún 2016.

Ibi tí wọ́n rò kọ́ ni ọjà gbà wá. Ilé kì í wó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n táńkì epo, bọ́ílà àti gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò nígbà gbogbo, ènìyàn ni wọ́n sì máa ń so okùn mọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú wọn. Àwa tí a ti gbọ́ nípa ẹni tó kó sí kànga láti yọ ẹlòmíì, tí gáàsì sì pa àwọn méjèèjì, ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Báyìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe torí ìjàm̀bá ṣe di ti àyẹ̀wò. Elios 2 tiẹ̀ dé iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà Chernobyl ní Ukraine, níbi ríákítọ̀ Karùn-ún tí wọn kò kọ́ tán nígbà ìjàm̀bá 1986, láti wò bóyá ìdọ̀tí núkílíà wà nínú àwọn adágún rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá kò dúró de Switzerland. Lẹ́yìn ìpànìyàn oṣù kẹwàá 2017 ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnì kan ti yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú náà kan, Blake Resnick, dá iléeṣẹ́ BRINC sílẹ̀ láti ṣe drone tó ń ṣáájú ọlọ́pàá wọ yàrá tí wọn kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Tirẹ̀ kò bẹ̀rù gíláàsì, ńṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ láti wọlé.

Fukushima náà ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, drone wọ inú agolo ńlá tó yí ríákítọ̀ Kìíní ká. Kì í ṣe ti Flyability. Gíráàmù 185 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó fúyẹ́ ju fóònù míì lọ. Fọ́tò tí wọ́n yà fi hàn pé nǹkan kan ti dì, ó fì dirodiro lábẹ́ ríákítọ̀ náà, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn láti bí ọdún mẹ́tàlá.