Ibi Tí Ẹẹ́rìndínlógún Ti Ṣẹ̀

Ní Òṣogbo, ojú la fi ń mọ ẹẹ́rìndínlógún kí a tó fẹnu kà á. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé nínú oṣù kẹjọ, a máa ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, yóò sì máa jó mọ́jú. Àtáọ́ja, ọba ìlú náà, á jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: ẹ̀rin dín ní ogún. Adolphus Mann, tó kọ̀wé lórí òǹkà wa ní 1887, fi kíka owó ẹyọ ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ nǹkan kúrò nínú ogún, mo sì gbà fún un. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé mẹ́rin tí a yọ yẹn gan-an ló bí ẹẹ́rìndínlógún: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin ni. Ẹ gbé mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, kí ẹ fi mẹ́ta kún un: méjìlá. Mẹ́rin nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ogún. Ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ní irú ẹwà yìí, torí márùn-ún ló dín nínú ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní èyí tó kàn: 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 16, 4 × 4 náà jẹ́ 16. Méjì lọ́nà ẹ̀ẹ̀mẹrin, mẹ́rin lọ́nà ẹ̀ẹ̀mejì. Nínú àwọn nọ́ńbà tí a fi ń ka nǹkan, kò sí méjì mìíràn tó yàtọ̀ síra tó lè pààrọ̀ ipò báyìí.

Èrò tèmi ni pé obì ló bí i. Obì abàtà olójú mẹ́rin, awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó lè dé. Mo gbà pé àwọn àgbà ti ń da obì kí ikin Ifá tó dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó ẹyọ tó wọ̀lú. Mo máa ń rí ìyá kan lọ́kàn mi létí odò, tó ń fìka fa ilà sílẹ̀: gbogbo rẹ̀ ṣí, gbogbo rẹ̀ dé, àkọ́kọ́ nìkan ṣí, ìkejì nìkan ṣí, títí ilà fi pé 16, tí kò rí òmíràn fà mọ́. Odù Ifá náà ní ojú mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, àmì kan tàbí méjì lójú kọ̀ọ̀kan. 16 lọ́nà 16, odù 256. Báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀nà 256.

Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ Lárúbáwá tó ń tẹ iyanrìn la ti rí Ifá, torí àwọn náà ní àmì 16. Ẹnikẹ́ni tó bá to ojú mẹ́rin báyìí, 16 ló máa bá níbẹ̀. Kò nílò kó yá a lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ti Ọ̀ṣun ló wù mí jù. Bí a bá da owó ẹẹ́rìndínlógún, ọ̀nà 65,536 ló lè gbà ṣubú. 4,368 nínú wọn ló ní owó márùn-ún tó ṣí, èyí tí í ṣe Ọ̀ṣẹ́, odù Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n bí a bá ka iye tó ṣí nìkan, láti orí òfo dé 16, iye mẹ́tàdínlógún la ní. Ìtàn sì sọ pé irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n pa Ọ̀ṣun tì, tí nǹkan kan kò sì gún fún wọn títí wọ́n fi padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun ni ìkẹtàdínlógún wọn.