Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Ogun Ńlá Fi Ń Tètè Rì?

Àwọn àbúrò tó wà ládùúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ti rí World of Warships, géèmù ogun ojú omi tí Wargaming gbé jáde ní ọdún 2015. Ọkọ̀ 12 máa ń dojú kọ 12, ìjà kan kì í sì í kọjá 20 ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí náà ni mo ṣe jókòó dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, battleship, ọkọ̀ ogun ńlá, ni mo mú, àgbá mi ló tóbi jù. Ṣe bí èmi ló yẹ kí n borí?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ tó tóbi ni wọ́n máa ń tètè rí lókèèrè. Destroyer, ọkọ̀ ogun kékeré tó yára, á ti sún mọ́ ọ kó o tó mọ̀, á ju torpedo, ìyẹn ohun ìjà tó ń gba inú omi lọ bú gbàmù, sí ọ, á fi èéfín bo ara rẹ̀. Bó o bá sì yin àgbá ńlá tán, o máa dúró tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó o tó tún yìn ín.

Ohun tó ń pa yín jù ni pé ibi tí ọkọ̀ ọ̀tá wà lẹ ń yìn sí. Lọ wo apẹja tó ń da àwọ̀n létí ọ̀sà wa. Kì í dà á síbi tí ẹja ti ta omi. Á wo ibi tí ẹja dorí kọ, á fi èjìká gbé e, àwọ̀n á ṣí bí agboòrùn, á bọ́ síwájú ẹja. Bí ọta àgbá ṣe rí nìyẹn, torí ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀run.

Má sì gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún wọn. Inú ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti ọta wà. Darí imú ọkọ̀ sí wọn díẹ̀, ọta wọn á máa ta dànù.

Ìbéèrè: Kí ni àbùkù géèmù náà?

Ìdáhùn: Omi inú rẹ̀ rọrùn jù. Bó o bá kọlu erékùṣù, o kàn máa fẹ̀yìn rìn ni. Ní December 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá kọlu Ọba Kòsọ́kọ́ ní Èkó, ọ̀kan nínú wọn, Teazer, há síbi tí omi ò ti jìn, àgbá ará Èkó sì ń bá a wí. Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ba àgbá náà jẹ́ ló tó dákẹ́. Ẹ̀pẹ́ wa níbí ni Kòsọ́kọ́ wá tẹ̀dó sí lẹ́yìn náà. Ó dùn mí pé géèmù tó mọ àgbá tó báyìí kò mọ yanrìn.

Nínú géèmù náà, ọkọ̀ tí ẹ̀mí rẹ̀ ku fẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá ṣì ń yin gbogbo àgbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pawọ́ pọ̀ rì ẹyọ kan ná, ẹ má fi ọta yí gbogbo wọn ká.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni ká náwó?

Ìdáhùn: Rárá, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò náwó á pẹ́ kó tó débi ọkọ̀ ńlá. Àpótí tí èèyàn ń rà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò lè gbà fún ọmọdé. Tẹ́tẹ́ ni lójú tèmi.

Ìbéèrè: Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ rẹ á ṣì wà lójú omi láìsí awakọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ká tó tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti rì mí, àwọn 11 tó kù ló jẹ̀yà rẹ̀. Bí bátìrì laptop rẹ ò bá lè gbé 20 ìṣẹ́jú, má tíì wọ ìjà.