Bí ẹ́ńjìnì onígbésẹ̀ mẹ́rin ṣe ń ti ọkọ̀ ẹlẹ́rù lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́

Ọkọ̀ tó bá ń ti Aguégués, àwọn abúlé orí omi nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kì í sáré. Ẹrù ti kún un débi pé díẹ̀ ló kù kí omi kan etí ọkọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà sì há sáàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja àti ewébẹ̀. Ipá ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì: ipá tí yóò fi ṣí ẹrù kúrò lójú kan, tí yóò sì máa tì í lọ títí dé èbúté Àjàṣẹ́. Ojú yìí ló yẹ ká fi wo àwọn ẹ́ńjìnì onígbésẹ̀ mẹ́rin tuntun tó wà ní ìwọ̀n agbedeméjì, ìyẹn láti agbára ẹṣin 40 dé 60.

Ẹ́ńjìnì onígbésẹ̀ méjì ló ti mọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ lára. Gbogbo ìgbà tí kiráńkì rẹ̀, ìyẹn irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, bá yí po lẹ́ẹ̀kan ni iná ń ràn nínú sílíńdà, ihò tí epo ti ń jóná. Ọ́ìlì rẹ̀ kò nílé tirẹ̀, inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń pò ó mọ́, lítà 1 sí lítà 50 lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sì jọ jóná. Ojú tí èéfín ń gbà jáde àti ojú tí epo tuntun ń gbà wọlé máa ń ṣí pọ̀ fún ìṣẹ́jú akàn. Lára epo tútù tí ọlọ́kọ̀ fowó rà a sì bá èéfín sá lọ láìjóná. Òun ló ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lójú omi létí èbúté yẹn.

Onígbésẹ̀ mẹ́rin fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, á sọ̀ kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Á gòkè, á fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì á tanná, iná á tì í sọ̀ kalẹ̀. Á tún gòkè, á lé èéfín jáde. Fáàfù ló ń ṣílẹ̀kùn tó sì ń tì í, ọ́ìlì sì dúró sínú àwo tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹni ni ìwọ̀n. Nígbà tó jẹ́ pé kiráńkì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ràn lẹ́ẹ̀kan, sílíńdà ní láti tóbi. Ẹ́ńjìnì Mercury alágbára ẹṣin 60, bí àpẹẹrẹ, ní sílíńdà mẹ́rin tí àpapọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1, ó sì wọ̀n tó kílò 112. Ẹni méjì kì í dédé gbé e sórí ọkọ̀. Èrè rẹ̀ wà nínú epo tó ń ṣẹ́kù sí táńkì, àti nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́: èèyàn lè dúnàádúrà ẹja lórí ọkọ̀ láìpariwo. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Honda ti gbé tirẹ̀ jáde láti 1964, àmọ́ òfin èéfín tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1996 wà lára ohun tó sún àwọn aṣẹ̀dá yòókù síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó wọ inú omi. Kiráńkì ẹ́ńjìnì yìí dúró lóròó, irin gígùn kan gba inú ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, jíà sì yí agbára náà padà sí abẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Oríṣi ẹsẹ̀ méjì ni Mercury 60 yẹn ní. Nínú ọ̀kan, ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 1.83 kí abẹ̀bẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan; nínú èkejì, ìgbà 2.33 ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 6000 ní ìṣẹ́jú kan, abẹ̀bẹ̀ ti àkọ́kọ́ ń yí ní nǹkan bí 3280, ti èkejì ní nǹkan bí 2575. Èkejì yìí falẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé abẹ̀bẹ̀ tó tóbi jù, omi púpọ̀ ló sì ń gbá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹrù Aguégués, òun ni kéèyàn rà. Èyí àkọ́kọ́ dára fún ọkọ̀ fúyẹ́ tó ń sáré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dídagun ewé abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń fi ínṣì wọ̀n: ibi tí abẹ̀bẹ̀ ìbá rìn dé tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, bí síkúrù ṣe ń wọ igi. Bó bá dagun jù fún ẹrù, ẹ́ńjìnì kò ní dé yíyí 5500 sí 6000 ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n kọ ọ́ fún, á kàn máa kérora ni, á sì máa mu epo. Kéèyàn dín ínṣì 1 kù máa ń fi nǹkan bí 150 sí 200 kún yíyí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Omi ọ̀sà náà ló ń tu ẹ́ńjìnì lára. Rọ́bà kan tó ní ewé bíi ti abẹ̀bẹ̀ nínú ẹsẹ̀ ń fà á gòkè, díẹ̀ sì ń tú jáde lẹ́yìn bí okùn tín-ínrín. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbàgbé láti bojú wẹ̀yìn wò ó. Tí ọ̀rá kan tàbí koríko tó ń léfòó nígbà ìkún omi bá dí ojú ihò, okùn omi yẹn á já, ooru á sì gun ẹ́ńjìnì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Epo ni ìṣòro tó le jù. Ẹ̀rọ tuntun ń fi nọ́súlù fọ́n epo, kọ̀ǹpútà kékeré ló sì ń wọ̀n ọ́n. Ihò nọ́súlù tín-ínrín púpọ̀, ìdọ̀tí àti omi tó bá wà nínú kpayo, epo fàyàwọ́, inú kẹ́ẹ̀gì lè dí i. Kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́, èèyàn lè tú u fọ̀ létí omi. Nọ́súlù kò gbà bẹ́ẹ̀. Fílítà tó ń ya omi kúrò lára epo kò wọ́n tó owó nọ́súlù, ó sì yẹ kó wà lórí gbogbo ọkọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba Kútọnu wọlé, iyọ̀ ọ̀sà á sì pọ̀ sí i. Irin àfirúbọ tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì ni iyọ̀ ń jẹ ní ipò ẹsẹ̀ náà. Alumíníọ́ọ̀mù yẹ ẹ́ ju síńkì lọ nínú omi tí iyọ̀ àti omi odò pàdé bí èyí. Ohun tó kù láti ṣọ́ ni okùn àwọ̀n. Bó bá lọ́ mọ́ ìdí abẹ̀bẹ̀, ó máa ń gé rọ́bà tó sé omi mọ́ta níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ọ́ìlì jíà tó funfun bí ògì jáde, omi ti wọlé.